Bẹ́ǹṣì Kétu ní Ìjẹ̀bú-Òde

Káfíńtà ni bàbá mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, bàbá kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí mo máa tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá mi sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n di ìkòkò àti aṣọ fún mi. Bàbá mi ní tiwọn wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan jáde, bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí ènìyàn mẹ́jọ lè jókòó lé. Wọ́n fi ọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Tí wọn ò bá fún ọ ní ìjókòó lọ́hùn-ún, gbé bẹ́ǹṣì mi padà wálé."

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ìdí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi ní ilé kafé, ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, lẹ́bàá ọjà Kétu. Kì í ṣe ilé ńlá rárá: tábìlì gígùn kan, bẹ́ǹṣì kan, iná èédú, mílíìkì dídùn inú agolo, búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń jókòó nídìí iná, ẹni tó bá tẹ̀lé e á jókòó tì í, bó ṣe ń lọ nìyẹn. Olówó ni ọ́ o, alábàárù ni ọ́ o, lèmọ́mù ni ọ́ o, ibi tí àyè bá wà ni wàá fi ìdí lé. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Báńjọ ti bá mi. Ó ń kó ẹ̀yà ara ọ̀kadà wá tà ní Kétu nígbà náà. Ó mu kafé mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì rí oorun sùn fún ọjọ́ méjì. Ó ní ìfẹ́ ni. Mo ní kafé ni. A ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn di òní.

A fẹ́ra. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá rẹ̀, tí kò sí ẹlòmíì nínú ilé pẹ̀lú wọn, ó ní ká wá máa gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ká sì ṣí ilé kafé tiwa níbẹ̀. Mo gbà.

Àwọn kan ń lọ sí ìlú òyìnbó, òtútù ń gbọ̀n wọ́n. Èmi ò kọjá òkun kankan. Bọ́dà ni mo kọjá. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Kétu, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú, ilé kan ni mo ti kúrò bọ́ sí òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, mo ná ata lọ́wọ́ obìnrin kan, ó pe ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ pé kó wá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n fi ata díẹ̀ kún un fún mi. Èmi náà, tí Màmá, ìyá ọkọ mi, bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn sọ ojúlówó Ìjẹ̀bú lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ mélòó kan ni mo ń rí mú, ìyókù á kọjá lọ lórí mi.

Nǹkan kejì tó yà mí lẹ́nu ni pé ohun gbogbo tó bá ti gbóná tó sì wà nínú ife, tíì ni wọ́n ń pè é. Kòkó oníṣúgà, tíì. Mílíìkì inú omi gbígbóná, tíì. Kafé mi, tíì dúdú. Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, mo jẹ́ kó máa jẹ́ tíì.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ yan èso kọfí, èéfín rẹ̀ gba àdúgbò. Àlàájà tó ń ta aṣọ ní òdìkejì títì sáré wọlé pẹ̀lú garawa omi. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n da omi náà sínú ìkòkò mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, ilé ń jó, o sì dúró ò ń rò ó." Mo wo kọfí mi tó ti di ọbẹ̀. Báńjọ dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo fi bínú sí i di ọjọ́ kejì. Ó ní kí lòun ìbá ṣe, ẹni tó bá gbé omi wá pa iná ilé ẹni, ńṣe là ń kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó sọ fún un pé iná ò sí.

Màmá kì í fi ẹnu kan nǹkan gbígbóná. Gàrí ni tiwọn, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, omi tútù, ẹja díndín, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n wo ife tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo oòrùn tó wà lójú títì, wọ́n ní, "Ta ló ṣẹ̀ yín ní Kétu tí ẹ fi ń jẹ ara yín níyà báyìí?"

Ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní yàrá iwájú ilé wọn. Wọ́n kàn dá ọjọ́ sí i ni: títí di Iléyá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta nígboro ti ń bẹ̀ wọ́n fún yàrá náà tipẹ́, ó tilẹ̀ ti wá wọn ẹnu ọ̀nà. Màmá ní bí ilé kafé bá ní ènìyàn kó tó di Iléyá, ká máa bá a lọ. Bí kò bá ní, àwọn á gbé yàrá fún onítẹ́tẹ́, Báńjọ á sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó, ẹni tó ti bá a rí iṣẹ́ dírẹ́bà tírélà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni yóò máa wálé. Mo sọ fún Báńjọ lójú ara rẹ̀ pé n kò fi ìyá mi sílẹ̀ wá fẹ́ ọkọ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bó bá lọ sí Èkó, èmi ń lọ sí Kétu, èmi àti bẹ́ǹṣì bàbá mi. Ó wò mí, ó rí i pé n kò ṣeré.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Báńjọ ló ń yan kọfí, èmi ló ń sẹ́ ẹ. Èmi ló ń din ẹyin, òun ló ń kí ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí mo ń sọ. Bí oníbàárà kan bá wọlé, Báńjọ á kí i, á kí ìyàwó rẹ̀, á béèrè ọmọ tó ń kàwé ní Ìjagun, á béèrè ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi á ní, "Kọfí ń tutù." Òun á ní, "Ọ̀rọ̀ ló ń mú un gbóná."

Ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń pè. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ní, kò sì yí padà rí.

"Ṣé wọ́n ti ń mu ún?"

"Wọ́n ń mu ún, Bàbá." Ènìyàn mẹ́rin ló ń mu ún lóòjọ́, Báńjọ sì ni ọ̀kan nínú wọn.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń jókòó?"

"Bàbá, ẹni tó ń ta kafé kì í jókòó."

Wọ́n á ṣe hùn-ún, wọ́n á pa fóònù.

Àwọn ọmọ yunifásítì láti Ìjagun ló kọ́kọ́ gbà wá. Ìdánwò wọn dé, wọ́n gbọ́ pé nǹkan dúdú kan wà nígboro tó ń lé oorun lọ, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ wá. Inú mi dùn. Bẹ́ǹṣì bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kún láàárọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́.

Ọkùnrin àgbà kan wà ládùúgbò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé, títí kan ọkọ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n wọlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n dúró nídìí iná. Ọmọ Ìjagun kan ló jókòó níbẹ̀, ó ki nǹkan orin sétí, ó sì ki ojú bọ ìwé, kò rí wọn. Bàbá Tíṣà kàn dúró. Mo rò pé wọ́n ń wá àyè ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Àyè wà ní ìparí lọ́hùn-ún, ẹ lọ jókòó níbẹ̀."

Ní Kétu, ìtọ́jú oníbàárà ni mo ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbé ife sílẹ̀. Bàbá Tíṣà wo ìparí bẹ́ǹṣì, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O ṣé, ìyàwó." Wọ́n sì jáde.

Màmá ti gbọ́ kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé abọ́ gàrí sílẹ̀. "Ta lo ní kó lọ jókòó ní ìparí? Tíṣà?" Wọ́n wá là mí lọ́yẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó mọ ẹgbẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì mọ èyí tó wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ṣáájú ara wọn ni wọ́n ń jókòó. "Kò sẹ́ni tó ń jókòó lásán nílùú yìí," ni Màmá wí, wọ́n sì tún gbé gàrí wọn.

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré. N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n pa á dè.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àgbàlagbà kan tó tún yà sọ́dọ̀ wa. Báńjọ yá àga oníke mẹ́wàá, ó ní kí oníkálukú máa jókòó lọ́tọ̀, kò ní sí pé ẹnì kan wà níwájú ẹnì kan. A gbé bẹ́ǹṣì lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn oníbàárà á jókòó lórí àga wọn, wọ́n á wo fóònù, wọ́n á mu kọfí tán, wọ́n á lọ. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àfi bí ọsibítù, tí kálukú ń dúró kí wọ́n pe orúkọ òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Ìjagun gan-an dín kù.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi pè. Wọ́n béèrè bẹ́ǹṣì. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí i pé Màmá ti sá ata lé e. Mo ní bẹ́ǹṣì wà dáadáa. Nígbà tí mo pa fóònù, mo sunkún. Mo fẹ́ ìyá mi, mo fẹ́ òórùn ilé wa, mo fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí wá tún ọ̀rọ̀ sọ. Báńjọ jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Dìde, ká lọ bẹ Bàbá Tíṣà."

A gbé kọfí sínú fúláàsìkì, a lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní àṣà ìlú wa ló tàn mí jẹ, kì í ṣe pé n kò rí wọn lágbà. Bàbá Tíṣà gba ife lọ́wọ́ mi. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro, wọ́n fi ṣúgà mẹ́rin sí i, wọ́n tún tọ́ ọ wò.

"N kò bínú," ni wọ́n wí. "Bẹ́ǹṣì yẹn, igi gidi ni. Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ọdún wo ni wọ́n bí wọn?"

Mo sọ ọ́. Wọ́n fi ìka ọwọ́ ṣírò. "Àbúrò mi ni. Ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé tiwa gan-an ni." Wọ́n mu kọfí wọn tán. "Gbé bẹ́ǹṣì àbúrò mi wọlé. Ìwọ ṣáà máa bu kọfí. Ti ìjókòó, fi sílẹ̀ fún wa."

N kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo pe bàbá mi lójú ọ̀nà, mo ní ẹnì kan nílùú yìí ní àbúrò òun ni yín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn lórí fóònù. Wọ́n ní, "Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Tíṣà jókòó nídìí iná, wọ́n fi ọ̀pá wọn lélẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, wọ́n á ní, "Ọdún wo?" Bó bá ti sọ ọ́, wọ́n á nàka sí àyè rẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì á sún. Bí ó bá ti kún, ẹni tó kéré jù á bọ́ sílẹ̀ ní ìparí, á gbé ife rẹ̀ dúró. Mo rò pé inú máa bí àwọn ọmọ Ìjagun. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n wá ń mú ọ̀rẹ́ tó kéré sí wọn dání wá, kó lè jẹ́ ẹni yẹn ló máa bọ́.

Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn àdúgbò. Ọkùnrin méjì kan wà tí ọ̀kan ti ń pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n fún ogún ọdún. Orí bẹ́ǹṣì wa ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni àbúrò. Ẹni tó ń pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ gba gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ òun padà. Àlàájà sọdá wá wo ohun tó ń fa ariwo, wọ́n ní àwọn ò lè mu tíì dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan ní wọ́n kéré sí ìyàwó pásítọ̀, wọ́n lọ sílé lọ gbé ìwé ìbí wá. Oṣù méjì ni wọ́n fi jù ú. Wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n sì mu ife méjì kí ayọ̀ yẹn tó lọ.

Ilé kún. Inú Báńjọ dùn débi pé kò ráyè béèrè ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Inú èmi náà dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ká mi lára. Gbogbo wọn mọ ẹni tó wà níwájú wọn, wọ́n sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Èmi nìkan ni mo dúró. Bàbá Tíṣà béèrè ọdún lọ́wọ́ ẹni tó wá ta káàdì fóònù, wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìdí rẹ̀, kò burú, àṣà ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó la fi ń ka ọjọ́ orí ìyàwó nílé ọkọ. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí kí n tó wọlé, ọkọ mi ni, ìbáà máa rákòrò. Lójú ilé, ọmọ ọwọ́ ni mí. Kò sí ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì.

Màmá ní tiwọn ò wọ ilé kafé rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á ní kí n wá sọ ohun tó ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe Iléyá, àgbò ń ké níbi gbogbo ládùúgbò, onítẹ́tẹ́ dé. Ó mú téèpù ìwọnlé dání. Ó ní òun wá bá Màmá parí ọ̀rọ̀ yàrá. Mo da mílíìkì sílẹ̀. Báńjọ ní Màmá ń bọ̀, kó jókòó ná.

"Ọdún wo?" ni Bàbá Tíṣà wí.

Onítẹ́tẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́. Wọ́n fi í sí àárín, lẹ́yìn nọ́ọ̀sì kan àti ọmọ Ìjagun kan. Mo bu kọfí fún un. Kò tíì mu ún délẹ̀ tí Àlàájà fi wọlé: ó sún. Ọlọ́kadà kan tó ní irun funfun wọlé: ó sún. Ìyàwó pásítọ̀ dé, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e: ó sún, ó sún. Kò pẹ́ tí onítẹ́tẹ́ fi bá ara rẹ̀ lórí ìdúró, ife ní ọwọ́ kan, téèpù ní ọwọ́ kejì.

Ìgbà náà ni Màmá wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ di ògiri mú, wọ́n ń fẹsẹ̀ fà bọ̀. Àwọn ènìyàn yà fún wọn. Wọn ò wo onítẹ́tẹ́. Ìdí iná ni wọ́n ń wò.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "èmi àti ìwọ, ta ló ṣáájú?"

"Ẹgbẹ́ kan náà ni wá," ni Bàbá Tíṣà fèsì.

"Mo mọ̀. Oṣù wo?"

Bàbá Tíṣà mú ọ̀pá wọn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì sún. Ẹ̀rín gba ilé kan. Màmá jókòó nídìí iná, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kí n bu tiwọn wá, kó má gbóná jù. Wọ́n tọ́ ọ wò. "Ó korò bí ewúro," ni wọ́n wí. Wọ́n tún gbé e sẹ́nu.

Onítẹ́tẹ́ wúkọ́. "Màmá, ọ̀rọ̀ yàrá wa ńkọ́?"

Màmá wo bẹ́ǹṣì láti òkè dé ìparí. "Ọmọ mi, ṣé o ò rí i pé kò sí àyè ni? Ìwọ gan-an, orí ìdúró lo wà."

Ó wo téèpù rẹ̀, ó fi í sápò. Ó ní kí n fi ṣúgà kún tòun.

Mo yíjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ojú mi. Báńjọ ti rí i. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn Màmá.

"Ìyàwó, ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

"A kì í béèrè ọdún lọ́wọ́ ìyàwó," ni Àlàájà wí. "Gbogbo wa pátá lọkọ rẹ̀. Ìparí ni tiẹ̀."

"Bí àṣà ṣe wí nìyẹn," ni Bàbá Tíṣà wí, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Màmá gbé ife sílẹ̀. "Nínú ilé lọ́hùn-ún, ìyàwó ni, yóò máa kúnlẹ̀ kí yín. Orí bẹ́ǹṣì yìí, bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i la máa kà. Ẹ sún."

Mo sọ ọdún mi. Wọ́n sún. Mo jókòó sí àárín nọ́ọ̀sì náà tó fi ọdún kan jù mí àti ọmọ Ìjagun náà tí mo fi ọdún méjì jù. Ẹni tó wà ní ìparí bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Báńjọ bu kọfí fún mi, ó gbé e wá fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. N kò lè mu ún. Mo kàn di ife náà mú.

"Kọfí rẹ ń tutù," ló wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi pè.

"Ṣé wọ́n ti ń mu ún?"

"Wọ́n ń mu ún, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Bàbá," mo ní, "ẹ má retí bẹ́ǹṣì yín mọ́."